Bí Ẹ Ṣe Lè Sọ Ilé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àtijọ́ Di Yàrá Iṣẹ́ Ọnà Láì Ba Ilé Náà Jẹ́

Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àwọn ìjọ ajíhìnrere dá sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ṣì ní ilé kan tàbí méjì tó ti dàgbà: ògiri amọ̀ tó nípọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn níwájú, fèrèsé onípákó, páànù tó ti pọ́n lórí. Àwọn alákòóso á ní kí wọ́n tún un ṣe, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà máa lò ó, kí wọ́n sì fa apá tuntun jáde lára rẹ̀. Owó á jáde, bíríkìlà á dé, wọ́n á fi símẹ́ńtì rẹ́ ògiri ninú lóde, wọ́n á wá kun ọ̀dà tó ń dán. Kí òjò ọdún kejì tó dá, ìsàlẹ̀ ògiri ti wú, símẹ́ńtì ti ń bó ní abala-abala, ooru ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè jókòó ya àwòrán lọ́sàn-án, amọ̀ ti dí bésìnì, apá tuntun sì ti ń ya kúrò lára ti àtijọ́.

Ohun tó ń fà á ni pé wọ́n ti pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe tán kí wọ́n tó wo ilé. Ohun tí ilé àtijọ́ lè gbé ni kí ẹ gbé fún un. Ohun tó bá wúwo, tó ń gbóná, tó ń da omi, tàbí tó ń rú èéfín, apá tuntun ni kó gbà á. Torí ẹ̀ ni ẹ ṣe ń kọ́ apá tuntun. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ọ́fíìsì ọ̀gá sínú ilé tuntun, tí wọ́n wá gbé ààrò ìsunkòkò wọ inú kíláàsì àtijọ́ tí àjà rẹ̀ jẹ́ pákó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Irú ọgbà tí mo ní lọ́kàn ni bíi ti St Andrew's College l'Ọ̀yọ́, tó ti wà níbẹ̀ láti 1896, tí Ajayi Crowther University sì ń lò báyìí, tàbí Wesley College n'Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1905. Bí tiyín bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlànà kan náà ni.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ní ti ènìyàn: ayàwòrán-ilé tó ti ṣiṣẹ́ lórí ilé àtijọ́ rí, ẹnjinnía ìkọ́lé tó ní ìwé ẹ̀rí COREN (àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjinnía sílẹ̀ ní Nàìjíríà), bíríkìlà àgbà tó mọ amọ̀ rẹ́ (ẹ wá a ní abúlé bí ẹ ò bá rí i nígboro, wọ́n ṣì wà), káfíńtà, oníṣẹ́ iná, pọ́ḿbà, àti olùkọ́ kan láti ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má yọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀. Àwọn ló mọ ìwọ̀n ẹ̀rọ wọn àti òórùn kẹ́míkà wọn.

Ní ti irinṣẹ́: tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, àkàbà, okùn ìwọ̀n, lẹ́ẹ̀fẹ̀lì, sùkúrúdíráfà ẹlẹ́nu ṣóńṣó, òòlù kékeré, fóònù fún fọ́tò, ìwé àkọsílẹ̀, ife gíláàsì mélòó kan, gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ìbòmú tó nípọn fún eruku, awò ojú àti ìbọ̀wọ́.

Ní ti ohun èlò: ilẹ̀ pupa, yanrìn mímú, láìmù (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí nínú òkúta ẹfun sísun), igi gbígbẹ, páànù, àti ọ̀pá omi. Ẹ má tíì ra ọ̀kan nínú wọn o, àfi lẹ́yìn Ìpele 2.

Ìpele 1: Ìwé àṣẹ

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ilé lábẹ́ òfin. Ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ láàárín ọdún 1970 sí 1979, wọ́n sì dá àwọn kan padà lẹ́yìn náà, nítorí náà ìwé ilẹ̀ lè wà lọ́wọ́ ìjọ, kí ilé wà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ yanjú ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí lórílẹ̀-èdè, èyí tí òfin 77 ti ọdún 1979 gbé kalẹ̀, bóyá ilé yín wà lára ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìwé àṣẹ ìkọ́lé ti ìpínlẹ̀ ṣì pọn dandan.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Wọ́n rò pé bí orúkọ ilé bá ti wà nínú ìwé, ó ti bọ́ nìyẹn. Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan tó wà ní Tinubu Square l'Èkó, ti di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wó o palẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé àṣẹ lé kọ́ńtírákítọ̀ lọ́wọ́, kí ẹ sì kọ àwọn ohun tí wọn ò gbọdọ̀ wó sínú àdéhùn, lọ́kọ̀ọ̀kan: àtẹ̀gùn yìí, ilẹ̀kùn yìí, òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ̀nyí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ṣé bíríkìlà tó máa ṣiṣẹ́ gan-an, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀ nìkan, lè tọ́ka sí ohun tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn?

Ìpele 2: Ẹ ka ilé náà

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìpele yìí gba sùúrù, torí ó yẹ kí ẹ rí ilé náà nígbà òjò, kí ẹ sì rí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá yẹ ilé wò ní oṣù kejì nìkan kò tíì rí ibi tí omi ń gbà wọlé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri. Ẹ wá ibi tó fara sin, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tàbí lábẹ́ àtẹ̀gùn, kí ẹ ha ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ kúrò ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Ẹ yọ èérún kan nínú ògiri gan-an, tó tó ẹyin àdàbà, kí ẹ jù ú sínú ife omi, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ amọ̀ lásán, ẹ máa rí i tó ń tú ìfófòó, etí rẹ̀ á máa rọ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ á ti di ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ ife. Bíríkì sísun ò ní tú. Bí ilẹ̀ pupa tí wọ́n pò mọ́ símẹ́ńtì bá ni, omi lè dà rú díẹ̀, ṣùgbọ́n èérún á ṣì dúró. Ẹ ṣe é ní ogiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ní òkè àti ìsàlẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan: ìsàlẹ̀ lè jẹ́ òkúta, òkè amọ̀, kí apá kan tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn wá jẹ́ búlọ́ọ̀kù. Èsì inú ife yìí ló máa sọ ohun tí ẹ máa rà ní Ìpele 5.

Ó kan sísán ògiri. Èyí tó rí bí irun orí kò ju ohun tí ẹ máa dí lọ. Èyí tó gba ìka wọlé, tàbí tó ń dábùú gòkè láti igun fèrèsé bí àtẹ̀gùn, ẹ pe ẹnjinnía. Kí ó tó dé, ẹ lẹ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan dábùú ibi tó sán, kí ẹ fi símẹ́ńtì díẹ̀ dè é lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ kọ déètì sí i. Bí gíláàsì bá fọ́ láàárín òjò sí ẹ̀ẹ̀rùn, ilé náà ṣì ń rìn. Bó bá wà bẹ́ẹ̀, àìsàn àná ni, ó ti jinná.

Ẹ gun àjà. Ẹ fi òòlù kan igi òrùlé kọ̀ọ̀kan ní orí rẹ̀, níbi tó ti wọ inú ògiri, torí ibẹ̀ ni omi àti ikán ti ń pàdé. Igi ìrókò tàbí igi apá tó yè máa dún gbàn-ìn. Èyí tí ikán ti jẹ nínú máa dún bí páálí, sùkúrúdíráfà á sì wọ̀ ọ́ láìfi agbára tì í. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí wọn. Igi àtijọ́ tó bá yè, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí ẹ máa rí rà lọ́jà báyìí kò tó o.

*Ẹ ṣọ́ra gidigidi:* Bí ìbòrí òrùlé tàbí sílíìn bá jẹ́ pátákó aláwọ̀ eérú tó nípọn, tó ń ga tó ń rẹlẹ̀ bíi páànù ṣùgbọ́n tí kì í ṣe irin, ó ṣeé ṣe kí ásíbẹ́sítọ̀ọ̀sì wà nínú rẹ̀, àgàgà bí wọ́n bá ti pààrọ̀ òrùlé láàárín ọdún 1950 sí 1980. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má lu ihò sí i. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó ń fa jẹjẹrẹ, kì í sì í hàn àfi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni kó tú u: wọ́n á fi omi rin ín, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ lódindi, wọ́n á wé e sínú ọ̀rá nínípọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ní àwòrán ilẹ̀ ilé kan tí ẹ ti kọ irú ògiri, ibi ọ̀rinrin, sísán àti igi jíjẹ sí, pẹ̀lú fọ́tò tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Bí yàrá kan bá wà tí ẹ ò kọ nǹkan kan sí, ẹ padà wọ ibẹ̀.

Ìpele 3: Ta ló máa wà níbo?

Ibí ni iṣẹ́ náà ti ń bàjẹ́ tàbí dára, bẹ́ẹ̀ tábìlì àti ìwé nìkan ló gbà. Ẹ pe àwọn olùkọ́ jọ, kí ẹ béèrè ohun márùn-ún lọ́wọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: báwo ni ohun yín ṣe wúwo tó? Ṣé ó ń gbóná? Ṣé ó ń lo omi? Ṣé ó ń rú eruku tàbí èéfín? Irú ìmọ́lẹ̀ wo lẹ fẹ́?

Ìyàwòrán pẹ́ńsù àti ọ̀dà olómi fúyẹ́, kò sì léwu. Kíláàsì àtijọ́ dára fún wọn, kódà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Aṣọ híhun àti rírán náà lè wà lókè, bí òfì bá jẹ́ ti igi. Ọ̀dà olóróró lè wà nínú ilé àtijọ́ bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kí tọpẹ́ńtáìnì má sùn síbẹ̀.

Àdìrẹ fẹ́ omi púpọ̀, sódà líle sì máa ń wà nínú omi aró tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ. Gbangba tí wọ́n fi páànù bò ló dára jù fún un, pẹ̀lú ilẹ̀ kọ́ńkéré tó dẹ̀ sí ojú ọ̀pá omi. Ẹ má jẹ́ kí ìkòkò aró wọ inú ilé amọ̀ láé. Amọ̀ mímọ, ère òkúta àti ère onírin: ilé tuntun, ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀-àwòrán onírin lè wúwo ju 500 kílò lọ, orí ẹsẹ̀ kékeré mẹ́rin sì ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ilẹ̀ onípákó tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ogójì lè má gba òun nìkan. Ààrò ìsunkòkò ń dé 1000 °C fún ìsun àkọ́kọ́, ó sì lè kọjá 1200 °C fún amọ̀ líle. Yàrá tirẹ̀ ni kó ní.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Yàrá tó fẹ̀ jù nínú ilé àtijọ́, tó sábà máa ń jẹ́ gbọ̀ngàn àpéjọ, ni wọ́n máa ń fi ògiri gé sí mẹ́ta. Ẹ fi í sílẹ̀ lódindi. Kí ó jẹ́ ibi ìfihàn àti ibi tí wọ́n ti ń jókòó wo iṣẹ́ ara wọn. Bó bá pọn dandan kí ẹ pín in, ẹ lo pákó tí kò kan àjà, tó ṣeé tú láìsí àpá lára ògiri.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi pẹ́ńsù pupa yí gbogbo ohun tó wúwo, tó gbóná, tó ń da omi, tó ń rú èéfín ká. Kò gbọdọ̀ sí pupa kankan nínú ilé àtijọ́, àfi ọ̀dà olóróró tí atẹ́gùn ń fẹ́ gba yàrá rẹ̀ kọjá. Bí apá tuntun ò bá gba gbogbo pupa náà, ẹ mú un tóbi sí i, tàbí kí ẹ dín ẹ̀ka kù.

Ìpele 4: Ẹ lé omi kúrò

Òrùlé kọ́kọ́. Ẹ tún igi tó jẹ ṣe, ẹ pààrọ̀ páànù tó ti lu, ẹ sì jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó kọ́ ilé náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n jẹ́ kó yọ. Ògiri amọ̀ tí òjò ò bá nà, ó ń pẹ́. Àṣà gígé etí òrùlé kúrò kí wọ́n fi ògiri gíga bò ó, kí ilé lè jọ ti ayé ìsinsìnyí, ti pa ilé púpọ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ wo ilẹ̀ ìta. Ọdún lọ́dún ni iyẹ̀pẹ̀ ń kó jọ, tí wọ́n sì ń da kọ́ńkéré lé e, títí ilẹ̀ ìta á fi ga ju ilẹ̀ inú lọ. Omi wá ń jókòó ti ìdí ògiri. Ẹ gbẹ́ ẹ wálẹ̀ títí yóò fi fi ìbú ọwọ́ kan ó kéré tán rẹlẹ̀ sí ilẹ̀ inú, ẹ jẹ́ kó dẹ̀ kúrò lára ilé, kí ẹ sì ṣe gọ́tà tó máa gba ọ̀ṣọ̀rọ̀ lọ jìnnà. Ẹ má gbẹ́ débi ìpìlẹ̀. Bí ẹ bá ti rí òkúta ìpìlẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ pe ẹnjinnía.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀, ẹ rìn yí ilé ká. Omi ò gbọdọ̀ dúró nítòsí ògiri. Lẹ́yìn òjò, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì gun àjà, kí ẹ wo abẹ́ gbogbo ibi tí páànù méjì ti so pọ̀.

Ìpele 5: Ògiri

Ẹ má kánjú. Ògiri tí omi ti mu fún ọdún mélòó kan ò lè gbẹ lọ́sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá lórí rẹ̀ lẹ́yìn Ìpele 4.

Ògiri amọ̀ ń fa omi díẹ̀, ó sì ń fi í sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Símẹ́ńtì kì í jẹ́ kí ó fi í sílẹ̀. Ó dà bí ẹni tó wọ aṣọ òjò onírọ́bà rìn nínú oòrùn: òjò ò pa á, àmọ́ òógùn ti rin ín gbingbin nínú. Omi tí símẹ́ńtì há mọ́ inú ni ó ń sọ amọ̀ di ẹrẹ̀ lẹ́yìn ojú ògiri tó ń dán. Ọ̀dà olóróró àti ọ̀dà tó ń yọ̀ bí ọ̀rá ń ṣe ohun kan náà.

Nítorí náà, ẹ yọ símẹ́ńtì tó ti dún gbọ̀ndọ̀ kúrò, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú òòlù kékeré àti ṣísẹ́ẹ̀lì, láti òkè wá sísàlẹ̀. Èyí tó bá di ògiri mú ṣinṣin, tí yíyọ rẹ̀ fẹ́ fa amọ̀ jáde, ẹ fi í sílẹ̀ ná, kí ẹ sì bi ayàwòrán-ilé.

Fún ògiri amọ̀, amọ̀ ni kí ẹ fi rẹ́ ẹ padà. Ẹ po ilẹ̀ pupa tí ẹ ti sẹ́ mọ́ yanrìn àti koríko gbígbẹ tí ẹ gé wẹ́wẹ́, kí ẹ jẹ́ kó rin di ọjọ́ kejì. Ẹ má gba ìwọ̀n kankan gbọ́ láì dán an wò, torí pé ilẹ̀ Ọ̀yọ́ yàtọ̀ sí ti Ìjẹ̀bú. Ẹ rẹ́ abala mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìwọ̀n ojú ìwé kan, sára ògiri, kí yanrìn ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ ju ti ìkejì. Èyí tó bá sán, yanrìn rẹ̀ kéré. Èyí tó bá ń kù bí ìyẹ̀fun nígbà tí ẹ fọwọ́ rà á, yanrìn rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èyí tó wà láàárín ni tiyín.

Fún bíríkì sísun àti òkúta, láìmù ni: ìwọ̀n láìmù kan sí yanrìn mẹ́ta. Ẹ rẹ láìmù alápò sínú omi ó kéré tán ọjọ́ kan ṣáájú. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ nínú omi, ó tún ń dára sí i ni. Láìmù tó ti pẹ́ lórí àtẹ ti kú, kò ní di nǹkan mú. Ẹ fi ṣíbí kan lára rẹ̀ sínú fíńẹ́gà díẹ̀ kí ẹ tó rà á: bó bá hó wùrùwùrù, afẹ́fẹ́ ti ba tibẹ̀ jẹ́, ẹ wá òmíràn. Ẹ fi omi rin ògiri kí ẹ tó rẹ́ ẹ, kí ìrẹ́ kan má nípọn ju 10 mm lọ, kí ẹ ta aṣọ bò ó kúrò lọ́wọ́ oòrùn, kí ẹ sì máa fọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà ọyẹ́, ẹ má rẹ́ láìmù rárá. Atẹ́gùn gbígbẹ á fa omi inú rẹ̀ tán kó tó di.

*Ẹ ṣọ́ra:* Láìmù ń jó awọ, ó sì lè fọ́ ojú. Awò ojú àti ìbọ̀wọ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Kí garawa omi mímọ́ wà nítòsí nígbà gbogbo.

Ohun tó bá ti sọnù lára ògiri, bí iṣẹ́ ọ̀nà etí fèrèsé, ẹ má ṣe òmíràn láti inú àròsọ. Ìwé àdéhùn Venice ti 1964, tí àwọn oníṣẹ́ ilé àtijọ́ kárí ayé ń tẹ̀ lé, sọ pé níbi tí àbá bá ti bẹ̀rẹ̀ ni àtúnṣe gbọ́dọ̀ dúró. Bí ẹ bá rí fọ́tò àtijọ́, ẹ tẹ̀ lé e. Bí ẹ ò bá rí, ẹ rẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ fi ìkó ìka kan gbogbo ògiri. Ibi tó bá dún ṣófo kò lẹ̀ mọ́ra. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó kun ún. Ọ̀dà láìmù ni kí ẹ fi kun ún.

Ìpele 6: Ìmọ́lẹ̀

Ìwé tí wọ́n kọ nílẹ̀ Yúróòpù máa ń ní kí fèrèsé ayàwòrán kọjú sí àríwá, torí oòrùn kì í dé apá ibẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Nílẹ̀ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán ń gba apá àríwá wa kọjá. Fèrèsé àríwá ṣì ni ó dára jù, ṣùgbọ́n ó nílò ìbòòji bíi ti gúúsù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àtijọ́ ń ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù dí i láti sọ ọ́ di yàrá.

Ẹ ṣí àwọn fèrèsé tí wọ́n ti dí padà kí ẹ tó ronú àtilu tuntun. Fún ìmọ́lẹ̀ iná, ẹ ra gílóòbù tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín 4000 K sí 5000 K, tí ìwọ̀n ìfi-àwọ̀-hàn rẹ̀ (CRI) kò dín sí 90. Ó máa ń wà lára páálí rẹ̀. Èyí tó kéré sí i máa ń mú kí pupa jọ ti igi.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ gbé bébà funfun sórí tábìlì ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, méjìlá ọ̀sán àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí oòrùn gan-an bá bọ́ sórí bébà náà, ìbòòji ò tíì tó.

Ìpele 7: Wáyà, èéfín, iná

Ní gbogbo ibi tó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé wáyà àti ọ̀pá gba ojú ògiri, nínú ọ̀pá irin tó tọ́. Ẹ má gbẹ́ ògiri amọ̀ láti rì wọ́n mọ́ inú. Ààrò oníná tó ń jẹ kílówáàtì 10 ń fa nǹkan bí áńpù 43 lórí iná fólìtì 230. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán, áńpù 13 ni. Wáyà tirẹ̀ láti bọ́ọ̀dù, fíúsì tirẹ̀, àti bọ́tìnì tí wọ́n lè fi pa á láti ìta yàrá.

Èéfín tọpẹ́ńtáìnì àti irú rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rìn sí. Fáànù tó wà lókè nìkan kò lè fà á; ẹ lu ihò atẹ́gùn sísàlẹ̀ ògiri apá tuntun. Eruku amọ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nítorí náà yàrá amọ̀ kò gbọdọ̀ ní ìgbálẹ̀ rárá: omi àti aṣọ ìnulẹ̀ nìkan. Bésìnì wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da omi sínú àpótí oníyàrá mẹ́ta tí amọ̀ á ti rọ̀ sísàlẹ̀, kí omi tó kọjá lọ, kí ẹnì kan sì ní iṣẹ́ kíkó amọ̀ náà jáde.

Ní ti iná, ẹ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé tí ayàwòrán-ilé Charles Rennie Mackintosh yà fún Glasgow School of Art ní Scotland, tí wọ́n kọ́ láàárín 1897 sí 1909. Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún 2014, gáàsì láti inú agolo fóòmù tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ṣe iṣẹ́ ìparí rẹ̀ kan ẹ̀rọ ìgbáwòrán-sára-ògiri tó ti gbóná, ó sì gbiná. Àwọn ojú atẹ́gùn àtijọ́ inú ògiri gbé iná náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹ̀rọ tí ì bá fọ́n omi pa á wà nínú ilé, wọn ò tíì parí rẹ̀ ni. Wọ́n ń tún ilé náà ṣe lọ́wọ́ nígbà tó tún jó ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 2018, tí ìyẹn sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe níbẹ̀: ẹ wá gbogbo ihò tó gba inú ògiri tàbí àjà kọjá láti yàrá kan sí èkejì, kí ẹ fi ohun tí iná kì í jẹ dí i. Ẹ parí ohun èlò ìpaná kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó wọlé. Àkísà tó ti mu òróró linseed (èyí tí àwọn ayàwòrán ń pò mọ́ ọ̀dà olóróró) lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná láìsí ìṣáná. Inú garawa onírin tó ní ìdérí, pẹ̀lú omi nínú, ni kó máa lọ, kí wọ́n sì kó o jáde lójoojúmọ́. Nígbà iṣẹ́ gan-an, kí ẹnikẹ́ni tó ń jó irin tàbí tó ń lo iná lórí òrùlé dáwọ́ dúró ní wákàtí kan ṣáájú ìtúká, kí olùṣọ́ sì yí ibẹ̀ ká lẹ́yìn náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá kan, kí ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ sí yàrá kejì, èéfín á gbabẹ̀.

Ìpele 8: Apá tuntun

Ẹ má so ó mọ́ ti àtijọ́. Ilé tuntun máa rì díẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ti àtijọ́ ti rì tán tipẹ́. Bí ẹ bá fi irin so wọ́n pọ̀, tuntun á fa àtijọ́ ya. Ẹ jẹ́ kí ó dúró lórí ìpìlẹ̀ àti òpó tirẹ̀, kí ọ̀nà fúyẹ́ onígíláàsì tàbí onípáànù so àwọn méjèèjì, kí àlàfo bíi 25 mm sì wà níbi tí ọ̀nà náà ti kan ògiri àtijọ́, pẹ̀lú ìbòrí tó ń rọ̀, tó máa lé òjò. Ẹnu ọ̀nà tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ gbà wọlé, kì í ṣe ihò tuntun.

Kí wọ́n má gbẹ́ ìpìlẹ̀ tuntun jìn ju ti àtijọ́ lọ nítòsí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fipá mú un jìn, ẹ sún un jìnnà sí ilé àtijọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kòtò kò sì gbọdọ̀ ṣí sílẹ̀ di òjò.

Kí òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀ sí ti àtijọ́, kí ọ̀ṣọ̀rọ̀ rẹ̀ má sì dà sára ògiri ẹ̀. Ní ti ìrísí, mi ò fara mọ́ kí wọ́n fi kọ́ńkéré ṣe òpó ayédèrú kí tuntun lè jọ ti àtijọ́. Ní Freedom Park l'Èkó, tí wọ́n ṣí ní 2010 lórí ilẹ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street, ẹ máa rí ojú ibi tí yàrá ẹlẹ́wọ̀n wà, ẹ ó sì rí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, ọ̀kan ò pa èkejì mọ́. Kí àwọ̀ àti gíga tiyín bọ̀wọ̀ fún ilé àgbà, ìyẹn tó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ lẹ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn sára ògiri àtijọ́ lọ́tùn-ún lósì ẹnu ọ̀nà náà, kí ẹ kọ déètì sí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ máa wò ó ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà iṣẹ́, àti lóṣooṣù fún ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀kan bá fọ́ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, ẹ dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ dá iyẹ̀pẹ̀ padà sínú kòtò níbi tó sún mọ́ ògiri, kí ẹ tó pe ẹnjinnía.